Ta Ló Ń Bu Omi Inú Yanrìn?

Ní ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi kó wá sọ́dọ̀ wa ní Awkunanaw, wọn kò tíì mu omi àlejò tán tí wọ́n fi sọ pé ilẹ̀kùn ilé wa ti pọ̀ jù. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn, òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Wọ́n ní ta ni yóò máa ṣọ́ gbogbo rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé màmá náà kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣàwàdà.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá ti wá. Àtọ̀gbẹ ló gbé wọn dé Enugu, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, kò sì sí ẹni tí yóò máa fún wọn lábẹ́rẹ́ nílé mọ́. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, àwọn méjèèjì ló sì wà ní Enugu: ọkọ mi, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Coal Camp, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta ìpara àti ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Thinkers Corner. Mo ju àbúrò ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Orúkọ tí mo sọ ọ́ wà. N kò ní kọ ọ́ síbí, torí ó ń bọ̀ wá kà á.

Ní tèmi, Enugu ni ìyá mi bí mi sí. Bàbá bàbá mi ti wá síbẹ̀ ṣe akọ̀wé nígbà tí àwọn òyìnbó ń wa èédú, kò sì padà sílé mọ́. Yorùbá tí à ń sọ nílé wa ní Coal Camp, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, ohùn rẹ̀ ni kò gún. Pidgin àti Igbo la fi ń ṣeré níta, Yorùbá la fi ń gbàdúrà, òun náà la sì fi ń gba ìbáwí. Nígbà tí Ìyá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n bi í bóyá ó dá a lójú pé ọmọ Yorùbá ló fẹ́.

Olùkọ́ ni mí. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ọ̀rọ̀ ooru sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé òtútù kò sí. Ooru nìkan ló wà. Bó bá wọ inú nǹkan, nǹkan náà á gbóná. Bó bá jáde, á tutù. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń sọ ọ́, ó sì rọrùn. Èdè wa kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń ní ooru mú mi, a tún máa ń ní òtútù mú mi, bí ẹni pé ọlọ́pàá méjì ni wọ́n, tí olúkúlùkù ní àgọ́ tirẹ̀. N kò ronú sí i rí, torí kò sí ẹni tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ooru ní Yorùbá rí.

Oògùn Ìyá, inú ìgò kékeré kan ló ń wà, kò sì fẹ́ ooru rárá. Fíríìjì wa kò ṣe é gbọ́kàn lé. Iná lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí di ọjọ́ kejì, bó bá sì dé, fíríìjì náà á mú gbogbo nǹkan dì gbagidi bí ẹni ń gbẹ̀san, bẹ́ẹ̀ dídì náà ń ba oògùn yẹn jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní kílíníìkì ló ní ká lo ìkòkò amọ̀. A ra ìkòkò méjì, ńlá kan àti kékeré kan. A gbé kékeré sínú ńlá, a rọ yanrìn sáàárín wọn, a sì da omi sí yanrìn náà títí ó fi rin gbingbin. Inú ìkòkò kékeré ni oògùn wà, a fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀, a sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Ìyá fọwọ́ kan ara ìkòkò náà, wọ́n mi orí. Wọ́n ní bí àmù omi ìyá àwọn ti ń ṣe nìyẹn, bó bá ti ń làágùn, omi inú rẹ̀ á tutù. Inú mi dùn pé a ti rí ohun kan tí a jọ gbà.

Èmi ni mo ń fún Ìyá lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Ṣúgà wọn wá sílẹ̀, ara wọn le, wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ mi jà nítorí Pidgin. Mo fẹ́ràn Ìyá nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé. Ètè wa ń bẹ́, aṣọ tí a bá sá ń gbẹ kí a tó padà wọlé, omi inú yanrìn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí mo bá da omi sí i láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, yanrìn náà á ti gbẹ lókè, á ti ń ya. Ìyá ń fi ìka wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó yá, wọ́n pe gbogbo wa jọ síwájú ìkòkò, wọ́n béèrè ẹni tó ń bu omi inú yanrìn. Ọmọ mi obìnrin dáhùn pé, "Grandma, nobody touch am." Mo ní ọyẹ́ ni.

Ìyá yíjú sí mi. "Ọyẹ́ ní ife lọ́wọ́ ni?"

 Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, àmọ́ mo kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí a ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. Ìyá ní omi tó bá ti bá oògùn ènìyàn gbé kì í ṣe omi lásán mọ́, ẹni tó bá ń bù ú mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ojú mi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ti ń pa òwe náà.

Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ìyá ti ní kí ọkọ mi gbé e sí yàrá àwọn. Wọ́n tún ní kí n má ṣe ìyọnu abẹ́rẹ́ mọ́, pé iṣẹ́ ìwé tí mo ń ṣe ti pọ̀, ọmọ àwọn ni yóò máa wá gún àwọn. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Láti ọjọ́ náà ni àbúrò ọkọ mi ti ń wọ kẹ̀kẹ́ wá láàárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Á kí mi dáadáa, á wọ yàrá Ìyá, á ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá kọjá, ọ̀rọ̀ á dáwọ́ dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ọ̀rá dúdú ńlá kan há abíyá wọlé. Nígbà tó ń jáde, kò gbé e lọ́wọ́ mọ́. Mo bi í pé kí ni. Ó ní nǹkan Ìyá ni.

Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹni tó lè ta ìpara tó ń bó ènìyàn lójú kó sì gba owó lé e, kí ni kò lè ṣe? Ó mọ àwọn tó ń ta oògùn káàkiri Thinkers Corner. Bóyá ó ń ra ayédèrú, bóyá ó ń gbé ojúlówó fún ẹlòmíràn. Mo ń yẹ inú garawa ìdọ̀tí wò nítorí ìgò. Mo ń gbé etí sí ilẹ̀kùn tí mo bá ń gbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti gbá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé wa wá di ilé tí gbogbo ènìyàn ń rọra rìn.

Lẹ́yìn ọyẹ́, ooru dé. Ẹni tó bá ti gbé Enugu mọ irú ooru tó ń wà kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, tí páànù á máa ta ka-ka lókè orí ènìyàn lọ́sàn-án. Ara Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wọ́n ń mu omi ṣáá, wọ́n ń tọ̀ ṣáá, ìró wọn ń já bọ́ lára wọn. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà ń gbé iye tó ga jáde láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò fo abẹ́rẹ́ kankan. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti jẹun ní ṣọ́ọ̀bù kí òun tó wálé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbà á gbọ́. Nígbà tó di ojoojúmọ́, mo mọ ohun tó ń bá mi sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Ìyá dákú. Ní kílíníìkì, dókítà ní bí ṣúgà wọn ṣe rí, ó dà bí ẹni pé wọn kò gba oògùn kankan rárá. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò tí a mú wá síwájú iná, ó ní oògùn náà lè ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe ojúlówó láti ilẹ̀, ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ó sọ ọ́ nù, ó sì fún wa ní tuntun. Ojú àbúrò ọkọ mi bọ́ sí mi lára. Tèmi náà ti wà lára tirẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí a gbé Ìyá dé ilé, a jókòó ní pálọ̀. Ìyá fẹ̀yìn ti àga, ojú wọn dì, àmọ́ wọn kò sùn. Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tó ń bu omi nígbà tí ìkòkò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló wọ yàrá pààrọ̀ oògùn. Ó ní òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. "I'm not saying na you o," ó wí fún mi. "Mo kàn ní kó o lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ màmá ẹ ní Coal Camp. Kí ara Ìyá yá ná."

Gbogbo wa la mọ ohun tí ìgbà díẹ̀ túmọ̀ sí. Obìnrin tó bá fi ilé ọkọ sílẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, tí Ìyá bá lọ kú sẹ́yìn rẹ̀, kò ní ọ̀nà tí yóò gbà padà wọlé mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa gbé orúkọ náà kiri. Inú bí mi. Ìyá kò mọ̀ mí, àbúrò ọkọ mi kò fẹ́ràn mi, ìyẹn kò pa mí lára. Ọkọ mi mọ̀ mí. Òun ló dùn mí jù.

Mo ní kí n tó di ẹrù, mo fẹ́ rí ìkòkò náà. Àbúrò ọkọ mi dìde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìyá la ojú.

"Ẹ jẹ́ kó wò ó," wọ́n wí. "Ojú gbogbo wa ni yóò ti wò ó."

Ìkòkò náà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, lẹ́yìn àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń lù láti ìta. N kò dá a mọ̀. Ọ̀rá dúdú ti wé e láti ìdí dé ẹnu, ìpele lórí ìpele, a sì ti fi òwú pupa dì í ní kókó lọ́tùn-ún lósì, irú kókó tí Ìyá nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń ta á, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọwọ́ kan bá kàn án. Òun ni nǹkan Ìyá tí àbúrò ọkọ mi gbé wọlé. Mo ní kí Ìyá tú u fúnra wọn. Wọ́n fi ìka wá kókó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tó tú u rí, àwọn fúnra àwọn ló mú ìgò tí a gbé lọ sí kílíníìkì jáde níbẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí ọ̀rá náà ṣí, mo kó ọwọ́ bọ inú ìkòkò kékeré. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fọwọ́ kan yanrìn. Ó rin gbingbin.

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ẹ ò rí i? Látìgbà tí a ti dì í, omi ò dín mọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó lè dá a dúró. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, mo mọ̀, àmọ́ ohun tó ń mú oògùn tutù ni wọ́n ti fi òwú dè, tí wọ́n sì jókòó tì í láti máa yọ̀ pé ọwọ́ àwọn ti tẹ olè. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀, lójú ẹsẹ̀, pé àbúrò ọkọ mi náà kò jẹ̀bi ohun tí mo ti ń rò sí i láti ìgbà yẹn wá, ìyẹn sì bí mi nínú díẹ̀.

Mo yíjú sí Ìyá láti ṣàlàyé. Ẹnu mi ló wá dà mí. Mo fẹ́ sọ pé ooru ló yẹ kó máa jáde lára ìkòkò. Ohùn Coal Camp gbé e jáde pé òórùn ló yẹ kó máa jáde.

"Òórùn?" Ìyá wí. "Èmi ni mò ń rùn?"

Ọkọ mi fọwọ́ bo ojú. Mo tún un sọ, ó tún burú sí i, mo ní oòrùn. Ìyá ní oòrùn wà lókè, kí n fi ọ̀run sílẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá fi ẹnu nìkan jà á, Coal Camp ni n ó sùn lọ́jọ́ náà.

Mo bu omi sínú abọ́. Mo tọrọ ọwọ́ Ìyá méjèèjì, mo rẹ wọ́n sínú omi náà dé ọrùn ọwọ́. Mo kó ọwọ́ òsì wọn sínú ọ̀rá dúdú yẹn kan náà, mo dì í. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lásán. Mo wá mú abẹ̀bẹ̀, mo ń fẹ́ méjèèjì pọ̀.  Àbúrò ọkọ mi ń ṣọ́ ọwọ́ mi bóyá mo ń dá ọgbọ́n kan.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá èyí tó tutù. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Mo ní èyí tó wà nínú ọ̀rá ńkọ́? Wọ́n ní ó kàn ń móoru ni. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ó ti gbẹ.

"Níbo ni omi ọwọ́ yẹn wà, mà?"

Ìyá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti lọ.

"Ta ló bù ú?"

 Mo ní atẹ́gùn ló bù ú. Mo ní bó bá ṣe ń bu omi lọ ló ń kó ooru ọwọ́ wọn lọ pẹ̀lú rẹ̀, ibi tí ooru bá sì ti kúrò la ń pè ní tútù. Omi inú ọ̀rá kò rí ọ̀nà lọ, ooru náà kò rí ẹni tí yóò gbé e, ó jókòó síbẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń wọn ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó jáde. Mo ní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí omi yanrìn bá ṣe ń lọ ni oògùn ń tutù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da òmíràn sí i.

Ìyá bọ́ ọ̀rá kúrò lọ́wọ́ òsì wọn fúnra wọn. Wọ́n ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tutù bí èkejì. 

"A jẹ́ pé olè yẹn ló ń tọ́jú mi," wọ́n wí.

Àbúrò ọkọ mi ní òun kò tíì gbà, pé ta ló sọ pé kì í ṣe oògùn náà ló jẹ́ ayédèrú láti ilẹ̀? Òótọ́ ló sọ, n kò ní ẹ̀rí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.  Ìyá ní kí ọkọ mi gbé ìkòkò padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oògùn tuntun sì wọ inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ Coal Camp. Kò sì sí ẹni tó ní kí n má bínú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò ọkọ mi dé bó ti máa ń dé. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. Ìyá ní kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyàwó ni yóò gún àwọn. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó dìde. Mo lọ mú ìgò nínú ìkòkò, ó tutù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo dé yàrá, ọkọ mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí òun rí i. Ó gbé ìgò náà sókè síwájú fèrèsé, ó ka ara rẹ̀, ó yí i, ó tún un kà. Ó tún gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wò ó bóyá a ti ṣí i tẹ́lẹ̀.  Ojú ń pọ́n mi, mo fẹ́ sunkún, n kò sì ní í sun ún níwájú rẹ̀.

"Fún un," Ìyá wí.

Ó ní òun kàn ń wò ó ni.

"Mo rí ọ. Fún un, kí o jáde, kí o pa ilẹ̀kùn dé."

Ó fún mi. Ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìyá ká ìró wọn sókè lórí itan, wọ́n sì kọ ojú sí ògiri, wọn kò wo ọwọ́ mi.